Bí a ṣe lè fi ìdíje láàárín ara wa mú iṣẹ́ àwọn olóòtú fídíò kúkúrú dára sí i

Ìbéèrè: Olùdarí ẹgbẹ́ fídíò, Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nídìí iṣẹ́ fídíò. Èmi ni mo ń darí ẹgbẹ́ kékeré kan tí ń ya fídíò ní Ìjẹ̀bú-Òde. A máa ń ya òde ìgbéyàwó, ìsìnkú àgbà àti ìwúyè, a sì ń ṣe ìpolówó fún àwọn oníṣòwò, pàápàá àwọn tí ń kó gàrí Ìjẹ̀bú ránṣẹ́ sí ọ̀nà jíjìn àti àwọn aránṣọ tí ń rán aṣọ rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn kò jìnnà síra, bí Iléyá bá ti ń sún mọ́lé. Iṣẹ́ náà ti yí padà mọ́ wa lọ́wọ́. Oníbàárà tí ó máa ń béèrè fún fídíò wákàtí mẹ́ta nígbà kan ti ń sọ báyìí pé kí a kọ́kọ́ fún òun ní ti ìṣẹ́jú kan, tí òun yóò gbé sí TikTok, Instagram àti sítátọ́ọ̀sì WhatsApp òun kí àwọn àlejò tó délé wọn.

Olóòtú fídíò mẹ́fà ni a ní, ọwọ́ gbogbo wọn ni ó sì yá. Síbẹ̀, àwọn fídíò kúkúrú tí ń jáde láti ọ̀dọ̀ wa ti jọra jù, àléébù kan náà ni ó sì ń yọjú nínú wọn. Wọn a kọ́kọ́ fi àmì ilé iṣẹ́ wa hàn fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin tàbí márùn-ún, kí ó tó kan gbọ̀ngàn tí a yà láti òkè, kí ó tó wá kan ìyàwó. Kí a tó dé ọ̀dọ̀ ìyàwó, ẹni tí ń wò ó ti fi àtàǹpàkò tì í kọjá lọ. Orin a bo ọ̀rọ̀ ẹnu mọ́lẹ̀. Àkọlé a bọ́ sí abẹ́ àwọn bọ́tìnì TikTok, kò sì ní ṣeé kà. Bí àwòrán kan bá ń kúrò tí òmíràn ń wọlé, àfi kí ó yí bíríbírí tàbí kí ó kọ mànà, nítorí pé ohun tí CapCut, áàpù tí wọ́n fi ń gé fídíò, gbé ka iwájú wọn nìyẹn.

Mo ti pe ìpàdé lórí rẹ̀, mo sì ti kọ ìlànà lẹ̀ mọ́ ògiri. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé olúkúlùkù ní oníbàárà tirẹ̀, kò sì sí ẹni tí ń wo iṣẹ́ ẹnìkejì rẹ̀. Èrò tí ó wá sí mi lọ́kàn ni pé kí a máa ṣe ìdíje láàárín ara wa lóṣooṣù, kí n sì máa fún ẹni tí ó bá borí ní owó. Ṣùgbọ́n ọmọ Ìjẹ̀bú ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú wa, ẹ sì mọ̀ pé a kì í fẹ́ kí ẹgbẹ́ ẹni ta wá yọ. N kò fẹ́ kí ohun tí mo dá sílẹ̀ láti kọ́ wọn di ohun tí yóò tú wọn ká. Báwo ni kí a ṣe ṣètò rẹ̀? Ta ni kí ó ṣe adájọ́? Ṣé iye ìgbà tí wọ́n bá wo fídíò náà ni kí a fi mọ ẹni tí ó borí ni, àbí ọ̀nà mìíràn wà?

Èsì kìíní: Olóòtú fídíò, Ṣàgámù

Ọ̀gá wa, ẹ kú iṣẹ́. Ìdíje dára, àmọ́ bí ẹ bá ṣe fi lélẹ̀ ni yóò sọ bí yóò ṣe parí. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mú iṣẹ́ oníbàárà rẹ̀ wá sínú ìdíje náà. Ẹni tí ó ya ìgbéyàwó olówó ní Èkó ti borí ẹni tí ó ya ìpolówó gàrí kí a tó tan fọ́ọ̀nù rárá, ẹ ó sì máa rò pé iṣẹ́ olóòtú ni ẹ ń dá lẹ́jọ́, nígbà tí ó jẹ́ pé ẹni tí ó di kámẹ́rà mú àti ẹni tí ó ṣe ìnáwó ni ẹ ń gbóríyìn fún. Àwòrán kan náà tí a kò tíì gé ni kí gbogbo wọn gbà, kí ó má ju ìṣẹ́jú 20 lọ lápapọ̀, kí olúkúlùkù sì mú fídíò kan tí kò ju ìṣẹ́jú àáyá 45 lọ jáde nínú rẹ̀, ní ìwọ̀n píksẹ́lì 1080 ní ìbú àti 1920 ní gíga.

Kì í ṣe èmi ni mo dá ọgbọ́n yìí. Gbogbo ẹni tí ó bá kọ́ nípa fíìmù ni ó mọ ìtàn Lev Kuleshov, ará Rọ́ṣíà, tí ó mú ojú òṣèré kan ṣoṣo, Ivan Mosjoukine, ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, tí ó fi í ti àwo ọbẹ̀, tí ó sì tún fi í ti òkú inú pósí. Àwọn òǹwòran ní ebi ń pa ọkùnrin náà nínú ti àkọ́kọ́, wọ́n sì ní ó ń ṣọ̀fọ̀ nínú èkejì, bẹ́ẹ̀ ojú kan náà ni wọ́n rí. Bí olóòtú mẹ́fà bá ti gba ohun kan náà, tí wọ́n sì kó ìtàn mẹ́fà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wá, ìyàtọ̀ tí ẹ bá rí, ti olóòtú nìkan ni, kò sì sí ẹni tí yóò lè di ẹ̀bi rẹ̀ ru kámẹ́rà.

Ẹ̀ẹ̀kan náà kọ́ ni kí ẹ dán gbogbo nǹkan wò. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni kí ìdíje oṣù kan dáhùn. Níwọ̀n bí ẹ ti sọ pé àmì ilé iṣẹ́ ni ó ń ṣáájú, kí ti àkọ́kọ́ dá lórí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta ìbẹ̀rẹ̀ nìkan: fídíò ta ni ó mú ènìyàn dúró? Nínú ìkejì, ẹ fòfin de gbogbo ìyíbírí àti ìkọmànà, kí àwòrán kan máa bọ́ sí òmíràn láìsí ọ̀ṣọ́ kankan. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti mọ ẹni tí ó lè gé fídíò. Ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n yóò gé e nígbà tí nǹkan ń lọ lọ́wọ́: àwòrán àkọ́kọ́ fi ẹṣin hàn tí ó gbé ẹsẹ̀ iwájú sókè, èkejì yóò sì bá ẹsẹ̀ náà bí ó ti ń sọ̀ kalẹ̀, ojú òǹwòran kò sì ní fura pé a gé ohunkóhun. Bí ẹ bá ń ṣiṣẹ́ ní àwòrán 25 fún ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹyọ àwòrán kan kò ju 0.04 ìṣẹ́jú àáyá lọ, síbẹ̀ bí ẹ bá fi ẹyọ mẹ́ta péré pẹ́ lẹ́yìn ìlù, etí yóò gbọ́ ọ. Ohùn ni kí ẹ fi ṣe ìkẹta. Ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí ohùn ṣáájú àwòrán, kí a gbọ́ ìbọn kí a tó rí ẹlẹ́ṣin, kí a gbọ́ ẹ̀rín kí a tó rí ẹnu tí ó rẹ́rìn-ín.

Bí ẹ bá ń wá ohun tí ẹ ó lò, àjọ̀dún Ojúde Ọba kò jìnnà sí yín. Gbogbo ilé iṣẹ́ fídíò ní Ìjẹ̀bú-Òde ni ó ní àwòrán ọjọ́ kẹta Iléyá nípamọ́, ti rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ àti ti àwọn ẹlẹ́ṣin ìdílé Balógun. Ẹ rántí oṣù Òkúdù ọdún 2024, nígbà tí àwòrán Farooq Oreagba lórí ẹṣin tàn káàkiri ayé. Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà ni ó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, àwọn díẹ̀ ni ó sì mọ ibi tí wọ́n ti máa gé e.

Ẹ ṣètò irinṣẹ́ pẹ̀lú. Bí ẹnìkan bá ń lo kọ̀ǹpútà alágbára tí ẹlòmíràn sì ń lo fọ́ọ̀nù, ẹ ṣe ẹ̀dà tí ó fúyẹ́ láti inú àwọn fáìlì ńlá náà, kí gbogbo wọn lè gbé e. Èyí tí Blackmagic Design ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́ nínú DaVinci Resolve, ètò tí a fi ń gé fídíò, tó fún iṣẹ́ yìí lórí kọ̀ǹpútà. Ẹ má sì fi eré sísá kún un. Ẹ fún wọn ní ọjọ́ mélòó kan, nítorí pé àdúgbò tí iná ti ń wà déédéé kì í ṣe ẹ̀bùn àbínibí ẹnikẹ́ni.

Lákòótán ti èmi, ẹ yọ orúkọ kúrò lára àwọn fáìlì, ẹ kàn kọ A, B, D sí wọn lára kí àwọn adájọ́ tó wò wọ́n. Lẹ́yìn ìdájọ́, kí olúkúlùkù ṣí iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ lójú gbogbo ẹgbẹ́, kí ó sì sọ ìdí tí ó fi gé e níbi tí ó ti gé e. Bí ẹ bá fo ìjókòó yìí, ẹ ti fi ìdíje náà ṣòfò.

Èsì kejì: Olùkọ́, Ìlíṣàn-Rẹ́mọ

Mo kí gbogbo yín. Ọ̀rọ̀ owó tí ẹ fẹ́ máa fún ẹni tí ó bá borí ni ó mú mi dá sí i. Ní ọdún 1973, Mark Lepper, David Greene àti Richard Nisbett gbé ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà lórí àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi tí wọ́n fẹ́ràn àwòrán yíyà. Wọ́n ṣe ìlérí ìwé ẹ̀yẹ fún apá kan nínú wọn pé bí wọ́n bá yàwòrán wọn yóò gbà á. Wọ́n fún apá mìíràn ní ìwé ẹ̀yẹ náà lójijì lẹ́yìn tí wọ́n ti yàwòrán tán. Apá kẹta kò sì gba nǹkan kan. Nígbà tí wọ́n padà wá wò wọ́n lẹ́yìn náà, àwọn tí wọ́n ti yàwòrán nítorí ẹ̀bùn tí a ṣèlérí ni ìfẹ́ àwòrán yíyà ti dín kù lọ́kàn wọn. Àwọn tí ẹ̀bùn bá lójijì kò pàdánù ìfẹ́ tiwọn. Ní ọdún 1982, Teresa Amabile náà tẹ̀ ẹ́ jáde pé àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n ń lẹ bébà aláwọ̀ mèremère pọ̀ di àwòrán láti fi du ẹ̀bùn ṣe iṣẹ́ tí kò ní àtinúdá tó ti àwọn tí kò du nǹkan kan.

Ọmọdé ni àwọn wọ̀nyẹn, àgbà tí ń fi iṣẹ́ jẹun sì ni àwọn tiyín, nítorí náà n kò sọ pé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí wọn gan-an ni yóò ṣẹlẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ohun tí mo rí fà yọ níbẹ̀ ni pé bí owó bá ti wà lórí tábìlì láti ìbẹ̀rẹ̀, olóòtú yóò ṣe èyí tí ó dá a lójú pé ọ̀gá fẹ́ràn, kò sì ní dán ohun tí kò tíì ṣe rí wò. Bẹ́ẹ̀, ìdí tí ẹ fi fẹ́ ìdíje ni kí wọ́n lè dán nǹkan tuntun wò. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀bùn náà jẹ́ èyí tí ó wá láti inú iṣẹ́: kí ẹni tí ó borí lóṣù yìí yan ohun tí a ó gé lóṣù tí ń bọ̀, kí òun sì ṣe alága ìjókòó náà. Bí owó bá wà tí ẹ fẹ́ ná, ẹ fi se ìkọ́kọrẹ́ fún gbogbo wọn ní ọjọ́ ìjókòó. Oúnjẹ tí gbogbo ènìyàn jọ jẹ kì í bí ẹnikẹ́ni nínú.

Ní ti adájọ́, kí ó má jẹ́ ọ̀gá nìkan. Kí ẹ yan ẹni mẹ́ta, kí olúkúlùkù wọn kọ àmì tirẹ̀ sílẹ̀ lọ́tọ̀ kí wọ́n tó bá ara wọn sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá jọ jókòó sọ ọ́ lẹ́nu, ohun tí ẹni àkọ́kọ́ bá sọ ni àwọn yòókù yóò tẹ̀ lé. Ẹ kéde ẹni tí ó borí, ẹ má ṣe kéde ẹni tí ó gbẹ̀yìn.

Èsì kẹta: Alábòójútó ìkànnì àwọn oníṣòwò, Ìkẹ́nnẹ́

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe fi iye wíwò ṣe adájọ́. Láti ọjọ́ 31 oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2025 ni YouTube ti yí ọ̀nà tí ó ń gbà ka wíwò Shorts, àwọn fídíò kúkúrú rẹ̀, padà: bí fídíò bá ti bẹ̀rẹ̀ báyìí, tàbí tí ó parí tí ó sì tún ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó ti kà á sí wíwò kan, ì báà jẹ́ pé ẹni tí ó wò ó kò dúró rárá. Nǹkan tí ó wúlò jù ú lọ wà nínú YouTube Studio, níbi tí wọ́n ti ń fi hàn yín bí àwọn tí ó dúró wò ó ṣe tó sí àwọn tí ó tì í kọjá, ṣùgbọ́n èyí náà kò dára fún ìdíje. Bí ẹ bá gbé fídíò mẹ́fà tí ó jọra sí ojú ìkànnì kan náà, wọn yóò máa fa òǹwòran mọ́ ara wọn lọ́wọ́, èyí tí ẹ gbé jáde nírọ̀lẹ́ kò sì ní bá èyí tí ẹ gbé jáde láàárọ̀ dọ́gba.

Ènìyàn ni kí ẹ lò. Ẹ gbé fọ́ọ̀nù fún ẹni tí kò mọ̀ yín, ẹni tí ó ń dúró de aṣọ lọ́dọ̀ aránṣọ, tàbí oníbàárà tí ó wá san owó, kí ó wo àwọn fídíò náà láìsí ohùn ní àkọ́kọ́, nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ṣí ohùn sílẹ̀ láàárín èrò. Ojú àtàǹpàkò rẹ̀ ni kí ẹ máa wò. Ẹ má sì bi í pé ṣé ó dára. Ọmọlúwàbí ni, yóò ní ó dára púpọ̀. Ẹ bi í pé kí ni wọ́n ń tà nínú rẹ̀, àti pé èwo ni ó rántí.

Nǹkan méjì péré ni mo fẹ́ fi kún un. Láti ọjọ́ 15 oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2024 ni YouTube ti gbà kí Shorts gùn tó ìṣẹ́jú mẹ́ta, àwọn olóòtú kan sì ti ń fi àyè náà kẹ́wọ́ láti má ṣe gé nǹkan kúrò. Ẹ di òfin ìṣẹ́jú àáyá 45 yẹn mú. Ní ti àkọlé tí bọ́tìnì ń bò, ẹ ya àwòrán ojú fọ́ọ̀nù nígbà tí TikTok wà ní ṣíṣí, kí wọ́n gbé àwòrán náà lé orí iṣẹ́ wọn nígbà tí wọ́n bá ń ṣe é, kí wọ́n sì yọ ọ́ kúrò kí wọ́n tó gbé fídíò jáde. Èyí kò nílò ìdíje rárá.

Ìbéèrè síwájú sí i: Olùdarí ẹgbẹ́ fídíò, Ìjẹ̀bú-Òde

Mo dúpẹ́ gan-an. Ẹ ti yí mi lọ́kàn padà lórí ọ̀rọ̀ owó, àti lórí iye wíwò. Ibi tí ó kù tí ó ń kọ mí lóminú ni ìjókòó lẹ́yìn ìdájọ́. Àgbà kan wà láàárín wa tí ó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí láti ayé kásẹ́ẹ̀tì, òun ni ó sì kọ́ méjì nínú àwọn yòókù níṣẹ́. Ọmọdébìnrin kan náà wà tí kò tíì pẹ́ tí ó dé, orí fọ́ọ̀nù nìkan ni ó sì ti ń ṣe tirẹ̀. Bí tirẹ̀ bá dára ju ti bàbá yìí lọ, ta ni yóò la ẹnu sọ ọ́?

Èsì kẹrin: Olóòtú fídíò, Ìjẹ̀bú-Igbó

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìnáwó ọgbọ́n. Irú ìdíje yìí ni a ń ṣe níbi tí mo wà, èmi ni mo sì kéré jù lọ́jọ́ orí nínú wọn, nítorí náà mo mọ ohun tí ẹ ń sọ dáadáa. Ohun tí ó ràn wá lọ́wọ́ ni òfin pé kò sí ẹni tí ó gbọdọ̀ sọ pé fídíò kan kò dára. Ohun tí a gbà láyè ni pé kí ènìyàn dárúkọ ìṣẹ́jú àáyá, kí ó sì sọ ohun tí ó rí níbẹ̀: «Ní ìṣẹ́jú àáyá kejìlá, mo ṣì ń ka àkọlé lọ́wọ́ nígbà tí ó kúrò.» Ọmọdé lè sọ ìyẹn fún bàbá rẹ̀ láìjẹ́ pé ó rí i fín, nítorí pé ara rẹ̀ ni ó ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. A sì máa ń kọ ọ́ sórí ìwé láìfi orúkọ sí i, alága a wá kà á jáde.

Ohun kejì ni pàṣípààrọ̀. Lẹ́yìn ìjókòó, kí ẹni méjì méjì gba iṣẹ́ ara wọn, kí olúkúlùkù tún ti ẹnìkejì rẹ̀ gé. Ẹ so bàbá yẹn àti ọmọdébìnrin náà pọ̀. Ẹni tí ó ti gé fídíò láti ayé kásẹ́ẹ̀tì mọ sùúrù, ó sì mọ ibi tí ó yẹ kí àwòrán dúró sí kí ojú lè sinmi, nítorí pé láyé ìgbà náà, ẹni tí ó bá gé e lódì yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ tún gbogbo rẹ̀ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọmọdé náà mọ bí àtàǹpàkò ṣe ń ronú. Bí bàbá bá ti rí ohun tí ọmọ náà fi iṣẹ́ rẹ̀ dá, kò sí ìwàásù tí ẹ tún nílò láti ṣe fún un, ó sì ṣeé ṣe kí ọmọ náà ni ó máa lọ jókòó ti bàbá.

N kò fara mọ́ ohun tí ẹ̀gbọ́n wa láti Ṣàgámù sọ nípa Ojúde Ọba, kí wọ́n má bínú. Ọjọ́ náà rẹwà jù. Ibi tí ẹ bá gé e sí, aṣọ ń dán, ìlù ń dún, ẹṣin ń jó. Olóòtú tí kò mọ nǹkan kan yóò fara pamọ́ sábẹ́ ẹwà yẹn. Ohun tí kò fani mọ́ra ni kí ẹ kọ́kọ́ fún wọn. Ẹ fún wọn ní ìṣẹ́jú 20 ibi tí wọ́n ti ń ṣe gàrí: àwọn obìnrin tí ń bó ẹ̀gẹ́, ẹ̀rọ tí ń rin ín, àpò tí omi ń ro nínú rẹ̀, ẹni tí ń yan án nínú èéfín. Ẹni tí ó bá lè mú mi dúró níwájú ìyẹn fún ìṣẹ́jú àáyá 45, láìfi orin kankan bò ó, ti mọ iṣẹ́. Bí ẹ bá dé Ojúde Ọba lẹ́yìn ìdíje bíi mẹ́ta, ẹ ó rí ohun tí wọn yóò fi ṣe.

Kí ẹ sì gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tí ó ni àwòrán náà kí ẹ tó pín in, pàápàá bí ojú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ bá hàn níbẹ̀. Ìwà àwọn kan nínú wa lórí ọ̀rọ̀ yìí kò dára tó.

Èsì ìkẹyìn: Olùdarí ẹgbẹ́ fídíò, Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ ṣeun, gbogbo yín. Gàrí ni a ó fi bẹ̀rẹ̀, a ó sì fi Ojúde Ọba pamọ́ di ìgbà tí ó bá yá. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta ìbẹ̀rẹ̀ ni ìbéèrè ti àkọ́kọ́. Àwọn adájọ́ mẹ́ta náà ni aránṣọ kan tí ilé ìtajà rẹ̀ wà nítòsí wa, ọ̀rẹ́ mi kan tí kì í ṣe iṣẹ́ fídíò, àti èmi, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ti pinnu pé ìwé tèmi ni a ó ṣí kẹ́yìn. N kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé ìkọ́kọrẹ́ wà.

Mo ti tọ ìyá oníbàárà wa tí ó ni ibi ìṣe-gàrí náà lọ láti tọrọ àṣẹ. Wọ́n gbà, àwọn òṣìṣẹ́ wọn náà sì gbà, ṣùgbọ́n wọ́n ní fídíò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni àwọn yóò gbà lọ́wọ́ wa nígbà tí ìdíje bá parí, àti èyí tí ó borí àti èyí tí kò borí, àwọn kò sì ní san kọ́bọ̀.